Ta Ló Ni Orúkọ Tó Wà Lórí Gìtá?

Bí ẹ bá fẹ́ da àárín àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì rú, kò gba wàhálà púpọ̀. Ẹ kàn bi wọ́n pé, "Gibson ni àbí Fender?" Kí ẹ tó pa ẹnu dé, wọ́n á ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan á ní kò sí gìtá tó lè dún bíi Les Paul ti Gibson láéláé. Àwọn kan á ní ẹni tí kò bá tíì gbọ́ Stratocaster ti Fender kò tíì gbọ́ gìtá. Ẹnì kan á tún yọjú láti ẹ̀yìn, á ní Ibanez ló yẹ ká máa sọ, pé orúkọ àtijọ́ ni àwọn méjì yòókù ń jẹ. Ìjà yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń jà á.

Àwa náà fẹ́ràn ìjà yìí, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tẹ̀lé ìtàn àwọn gìtá wọ̀nyí, ìbéèrè mìíràn ló ń yọjú. Nígbà tí ẹnì kan bá ní "Gibson ló dáa jù", kí ni Gibson yẹn gan-an? Ṣé ọkùnrin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ilé tí wọ́n ti ṣe é ni? Ṣé ọwọ́ àwọn tó gbẹ́ igi rẹ̀ ni? Àbí ọ̀rọ̀ kan lásán tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè rà lọ́jà? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gìtá nìkan lèyí. Ojoojúmọ́ là ń fi owó wa ra orúkọ, orúkọ là sì ń bọlá fún. Bí a ò bá mọ ẹni tó ni ọlá yẹn, ó ṣeé ṣe ká máa sanwó fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́, ká sì gbàgbé ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ìyàtọ̀ wà láàárín gìtá méjèèjì. Les Paul tí àwọn olórin hard rock fẹ́ràn jù, igi mahogany tó wúwo ni ara rẹ̀, wọ́n fi pátákó maple bo ojú rẹ̀, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ara. Stratocaster ní tirẹ̀, igi ash tàbí alder ni ara rẹ̀, skúrúù ni wọ́n sì fi de ọrùn mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè tú u bí ẹni tú ẹsẹ̀ tábìlì. Gígùn okùn tó ń dún lára Fender jẹ́ íǹṣì 25.5, ti Gibson jẹ́ bíi 24.75. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n okùn tó gùn díẹ̀ sí i gbọ́dọ̀ le díẹ̀ sí i kó tó lè dé ohùn kan náà, ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ á sì mọ̀ ọ́n lára.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pickup, ìyẹn òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, tó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná mànàmáná. Pickup ẹlẹ́yọ kan ti Fender mọ́ gaara, ó sì mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ìkùn iná tó wà láyìíká mọ́ra. Ní 1955, Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, so irú rẹ̀ méjì pọ̀ lódì síra wọn kí ìkùn ọ̀kan lè pa ti èkejì. Humbucker ni wọ́n ń pè é. Ìkùn lọ, ohùn sì ki sí i. Ó lágbára débi pé ó lè ti ẹ̀rọ agbóhùnsókè kọjá ààlà rẹ̀ títí tí á fi máa ké ramúramù. Orí ramúramù yẹn ni hard rock jókòó lé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní gbogbo gìtá ò ju igi àti wáyà lọ kò tíì fetí sílẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: igi, gọ́ọ̀mù, òòfà, gígùn okùn, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé wọ̀n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Gibson. Orúkọ yẹn, orí gìtá ni wọ́n kọ ọ́ sí, lókè téńté níbi tí okùn parí sí. Yorùbá sì ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ó yẹ ká mọ bí orúkọ ṣe dé orí yẹn.

Orville Gibson jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe mandolin àti gìtá ní ìlú Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní 1902, àwọn oníṣòwò kan kóra jọ, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì san 2,500 dọ́là fún un. Kò pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀. Ó kú ní 1918. Àárín àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gìtá oníná jáde. Ìyẹn ni pé ọkùnrin tó ni orúkọ kò fojú kan ohun tí à ń tìtorí orúkọ rẹ̀ jà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ya Gibson èèyàn kúrò lára Gibson orúkọ.

Ní 1952, wọ́n gbé orúkọ mìíràn lé e lórí. Les Paul jẹ́ olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn gan-an nígbà yẹn, Gibson sì bá a ṣàdéhùn láti fi orúkọ rẹ̀ pe gìtá wọn tuntun. Láàárín 1958 sí 1960, wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Kò pé 2,000. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ kí i káàbọ̀. Ní 1961, wọ́n pa á tì, wọ́n ṣe òmíràn tó fẹ́lẹ́, tó ní ìwo méjì, wọ́n sì tún kọ Les Paul sí i lára. Les Paul fúnra rẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó yá, orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, gìtá náà wá di SG, irú èyí tí Angus Young ti AC/DC gbé kọ́rùn tó fi ń sáré kiri orí ìtàgé.

Ta ló wá gbé èyí tí wọ́n pa tì dìde? Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Eric Clapton lu Les Paul àlòkù kan nínú àwo tí òun àti John Mayall ṣe, tó jáde ní 1966. Ó ṣí ẹ̀rọ Marshall sílẹ̀ dé góńgó, àwọn tó gbọ́ ọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú gìtá yẹn kiri. Peter Green ní tirẹ̀. Jimmy Page ra tirẹ̀ lọ́wọ́ Joe Walsh ní 1969. Ní 1968, Gibson tún padà sídìí Les Paul. Ohun tí onílé jù sẹ́yìnkùlé, àlejò ló bá a gbé e wọlé padà. Lónìí, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 1959 lè ju 200,000 dọ́là lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sọ́dọ̀ Fender. Leo Fender ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton, ní California. Kò mọ gìtá lù. Ní 1950, ó gbé gìtá kan jáde tó pè ní Broadcaster. Gretsch, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ìlù àti gìtá, ní àwọn ti ń lo orúkọ tó dún bẹ́ẹ̀ fún ìlù àwọn. Fender ò bá wọn fà á. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gé Broadcaster kúrò lára àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí gìtá, ó wá ku Fender nìkan. Fún oṣù mélòó kan ní 1951, gìtá náà ń jáde láìní orúkọ tirẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Telecaster. Igi ò yí padà, wáyà ò yí padà. Ṣùgbọ́n lónìí, àwọn tó ń kó gìtá àtijọ́ jọ ń pe èyí tí kò lórúkọ yẹn ní Nocaster, owó gidi ni wọ́n sì fi ń wá a. Ẹ gbọ́ ná: àìlórúkọ gan-an ti di orúkọ.

Ní oṣù Kìíní 1965, CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ra Fender ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Kò pẹ́ tí àwọn olórin fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé iye gìtá tó ń jáde lójúmọ́ ló ká àwọn ọ̀gá tuntun lára ju bí gìtá ṣe rí lọ. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń ta Fender àtijọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi í ni pé ṣé ti ṣáájú CBS ni. Orúkọ kan náà ni, ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n ọjà ti là á sí méjì.

Leo ní tirẹ̀ kọ́wọ́ ti ilé iṣẹ́ tuntun kan, G&L, ní nǹkan bí 1980, ní Fullerton yẹn kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Fender ṣì ni orúkọ bàbá rẹ̀, síbẹ̀ kò lè pe ilé iṣẹ́ náà ní Fender. Ó ti tà á. Ní 1985, àwọn òṣìṣẹ́ àti olùdókòwò kan kó owó jọ, wọ́n ra Fender kúrò lọ́wọ́ CBS, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń ṣe gìtá ní Fullerton ò sí nínú ohun tí wọ́n rà. Fún ìgbà díẹ̀, gìtá tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní Jàpáánì ni wọ́n fi gbé orúkọ náà ró, kí wọ́n tó ní ilé iṣẹ́ mìíràn ní ìlú Corona.

Gibson náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1969, ilé iṣẹ́ kan tó ń pọn bíà ní Ecuador gba ilé iṣẹ́ tó ni Gibson. Norlin ni wọ́n wá ń jẹ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí Nashville ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì di 1984, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ Kalamazoo pa. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ò bá wọn kó lọ. Kalamazoo ni ilé wọn. Ní 1985, Jim Deurloo, J.P. Moats àti Marvin Lamb gba ààyè nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ yẹn gan-an, ní Parsons Street, wọ́n ra díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí Gibson fi sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá. Wọ́n pe ilé iṣẹ́ wọn ní Heritage. Ogún ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Gìtá méjì wà níwájú wa. Èkíní wá láti Nashville, a kọ Gibson sí i lórí. Èkejì wá láti ọwọ́ àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe Gibson, inú ilé tí wọ́n ti ṣe Gibson ni wọ́n ti ṣe é, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe Gibson, ṣùgbọ́n Heritage ló wà lórí rẹ̀. Èwo ni Gibson?

Òfin ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó wá láti Nashville ni. Ṣùgbọ́n òfin ń sọ ẹni tó lè lo orúkọ fún wa ni, kò sọ ẹni tí orúkọ tọ́ sí. Bí a bá ní ọwọ́ ló ni orúkọ, ọwọ́ ń darúgbó; lọ́jọ́ tí àgbà oníṣẹ́ bá fẹ̀yìntì, ṣé orúkọ náà á tẹ̀ lé e lọ sílé? Bí a bá ní ilé ni, ògiri ò lè gbẹ́ igi. Bí a bá sì ní ìwé tí wọ́n fi rà á ni, a jẹ́ pé ẹni tí kò fọwọ́ kan igi rí láyé rẹ̀ lè sùn lálẹ́ òní, kó jí lọ́la di Gibson.

Èrò tiwa nìyí: ká wo orúkọ rere bíi gbèsè. Àwọn ará Kalamazoo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ tó dáa, ìgbàgbọ́ tí àwọn èèyàn ní nínú iṣẹ́ wọn sì kóra jọ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ra ọ̀rọ̀ yẹn kò ra lẹ́tà mẹ́fà. Ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ló rà, ìgbàgbọ́ ẹni ẹlẹ́ni sì ní ohun tó ń béèrè. Gbogbo ẹni tó bá gbé gìtá náà lọ́wọ́ ń retí ohun tí àwọn àtijọ́ ṣèlérí. Ẹni tó bá ń gba owó orúkọ tí kò san gbèsè orúkọ, àjẹìwẹ̀yìn ló ń jẹ. Àgbà tó bá sì jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ sọ́fútíwià mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Michael Widenius fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, My, sọ MySQL, sọ́fútíwià tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ayé ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí. Ní 2008, wọ́n tà á fún Sun ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí Oracle fẹ́ gba Sun, Widenius mú kóòdù náà, torí pé kóòdù ọ̀fẹ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ mìíràn sọ ọ́: MariaDB. Kóòdù ṣeé mú lọ, ìmọ̀ ṣeé mú lọ. Orúkọ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ni kò ṣeé mú lọ. Leo Fender ì bá mọ ohun tó rò lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n a kì í sunkún ká má ríran. Ẹni tó bá ní gbogbo Fender tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1965 ò dáa, kó dá wa lóhùn: Stratocaster funfun tí Jimi Hendrix lù ní Woodstock ní 1969 ńkọ́? 1968 ni wọ́n ṣe é, lábẹ́ CBS. Gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Hendrix tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì kàn yí i padà ni. Ó yẹ kí èyí mú wa ṣọ́ra. Nígbà tí ọ̀gá yí padà, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló yí padà. Abigail Ybarra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Fender ní 1956, pickup ló ń wé. Ó wà níbẹ̀ ṣáájú CBS, ó wà níbẹ̀ nígbà tiwọn, wọ́n lọ, ó ṣì ń wé wáyà. Orúkọ ẹni tó ń sanwó fún un ló ń yí padà. Nítorí náà, gbèsè tí a ní ó wà lọ́rùn olówó, òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń bá a san án.

Ọwọ́ mìíràn tún wà, ọwọ́ ẹni tó ń lù ú. Àwòrán Jimmy Page tó wà lọ́kàn gbogbo wa, Les Paul ló gbé kọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwo àkọ́kọ́ Led Zeppelin tó jáde ní 1969, Telecaster tí Jeff Beck fún un ló lù nínú èyí tó pọ̀ jù. Mélòó nínú àwọn tó lọ ra Les Paul nítorí àwo yẹn ló mọ̀ pé Fender ni àwọn ń gbọ́?

Ẹ tún wo Tony Iommi ti Black Sabbath. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Birmingham. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi mọ ìbòrí fún àwọn ìka náà. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó yá ó sì dẹ okùn sílẹ̀ kó lè rọ̀ lábẹ́ ìka. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo àkọ́kọ́ wọn, pickup Stratocaster rẹ̀ bàjẹ́, ló bá gbé SG. Ohùn tó wúwo bí òkúta yẹn, tí àwọn èèyàn ń pè ní ohùn Gibson, báwo la ṣe fẹ́ yọ ìka tó gé yẹn kúrò nínú rẹ̀?

Àwọn kan tiẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ pátápátá. Ní 1963, Brian May, ọmọ ilé ìwé nígbà náà, àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn ṣe gìtá nílé, torí pé owó à ń ra Fender ò sí. Igi ọrùn rẹ̀, ara ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Gìtá yẹn ló gbé wọ ẹgbẹ́ Queen. Eddie Van Halen ní tirẹ̀ ra ara gìtá tí wọ́n ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí àbùkù ní 50 dọ́là, ó ra ọrùn ní 80 dọ́là, ó yọ humbucker lára Gibson kan, ó sì dè é mọ́ ara tó rí bíi ti Stratocaster. Àwo àkọ́kọ́ Van Halen jáde ní 1978, kò sì pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe irú rẹ̀ tà. Ìjà Gibson àti Fender tí à ń jà títí dòní, skúrúdiráfà ni ọmọkùnrin yẹn fi parí rẹ̀.

Ẹ rántí ẹni tó yọjú láti ẹ̀yìn pẹ̀lú Ibanez. Salvador Ibáñez jẹ́ ará Spéènì tó ń ṣe gìtá ní ìlú Valencia. Ilé iṣẹ́ Hoshino ní Jàpáánì ń kó gìtá Ibáñez wọ ìlú wọn láti 1929, nígbà tó yá wọ́n sọ orúkọ náà di tiwọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n ń ṣe gìtá tó jọ Gibson bí ìbejì. Ní 1977, Norlin gbé ilé iṣẹ́ tó ń ta Ibanez ní Amẹ́ríkà lọ sí kóòtù. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà: bí wọ́n ṣe gé orí gìtá. Wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn, Ibanez sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ta ló jẹ̀bi níbẹ̀? Ibanez jí àwòrán, a gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lára ọ̀gá tó sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí iṣẹ́ náà, bó dára bí kò dára, òun la máa dá lẹ́bi. Ẹni tó ṣe gìtá ní kọ̀rọ̀ tó wá kọ Gibson sí i, òpùrọ́ lòun, a ò ní jà lórí ìyẹn. Ìbéèrè tó ń dùn wá ni èyí: bí ẹni tó ni ìwé àṣẹ bá ṣe gìtá jákujàku, tó mọ̀ pé jákujàku ni, tó sì kọ Gibson sí i nítorí pé ó mọ̀ pé a máa rà á nítorí orúkọ, báwo ni irọ́ tirẹ̀ ṣe wá kéré sí ti ayédèrú? Ẹni tó ń rà á, ohun kan náà ló pàdánù. Ẹni tó gbé orúkọ náà dé ibi tó dé, ẹnì kan náà ni wọ́n tàbùkù rẹ̀. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ ò ju pé ọ̀kan lè lọ sẹ́wọ̀n, èkejì á gba owó èrè ọdún.

Ẹnì kan lè ní, ó dáa, bí orúkọ bá ní wàhálà tó báyìí, ẹ jẹ́ ká pa á tì, kí kálukú máa fi etí ara rẹ̀ yẹ gìtá wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ra gìtá láti ìlú òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ló ń wò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, etí rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó yẹ kó gbọ́. Orúkọ ló ń bá irú wọn dúró, òun náà ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́ ju ọwọ́ tó ṣe é lọ. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó: ilé ló ṣáájú, orúkọ tẹ̀ lé e. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń wo orúkọ, tí a ò wo ilé mọ́.

Nítorí náà, a ò ní kẹ́ ẹ fi ìjà Gibson àti Fender sílẹ̀. Ẹ máa jà á lọ, ó dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tún ní orúkọ báyìí ló dáa jù, ẹ bi í pé, ti ọdún wo? Inú ilé wo? Ta ló ṣe é, ta ló sì lù ú? Ìjà náà á gùn sí i, àmọ́ àwọn tí à ń jà nítorí wọn á ní ojú àti ọwọ́.

Ní Fullerton, ní àwọn ọdún 1950, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tadeo Gomez. Ọrùn gìtá ló ń gbẹ́. Lórí àwọn gìtá tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, Fender ló wà lórí gàdàgbà, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ṣùgbọ́n ní ìdí ọrùn, níbi tó ti wọnú ara gìtá, ó máa ń fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà méjì: TG. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kó tú skúrúù mẹ́rin.